HP Z420 tòkunbọ̀ mi: kí ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀ nínú rẹ̀?

Ayàwòrán Ọjà Ọba (Àkúrẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe ní Àkúrẹ́ níbí: ìgbéyàwó, ìkómọjáde, òkú àgbà, ìwúyè. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Láptọ́ọ̀pù tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ kò lè gbé iṣẹ́ mọ́, ni mo bá lọ ra kọ̀ǹpútà ńlá HP Z420 tòkunbọ̀. Wọ́n ní ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán-ilé kan lókè òkun ni wọ́n ti lò ó.

Ohun tí mo bá nínú rẹ̀ nìyí: processor (ọpọlọ ẹ̀rọ) Intel Xeon E5-1620, core 4 (bí òṣìṣẹ́ mẹ́rin nínú ọpọlọ náà), ìyára 3.6 GHz. RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí fúngbà díẹ̀) 8 GB, ẹyọ 2 GB mẹ́rin. Hard disk 1 TB. Káàdì graphics (èyí tó ń gbé àwòrán sójú screen) NVIDIA Quadro K2000 tó ní 2 GB. Power supply 600 wáàtì. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀.

Tí mo bá tàn án láàárọ̀, mo lè gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tán kó tó ṣe tán. Fídíò tí kámẹ́rà mi yà ń lọ níwọ̀nba, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ẹbí ìyàwó fi fóònù yà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, á lọ díẹ̀, á dúró, á tún lọ. Mo gbé ìgbéyàwó wákàtí méjì sí export (kó lè di fídíò tó parí) lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, ilẹ̀ mọ́ kò tíì parí, iná sì lọ nígbà tó kù díẹ̀.

Ẹnìkan ládùúgbò ní kí n lọ ra processor tó ní core 12, pé gbogbo rẹ̀ á yanjú. Owó ọwọ́ mi kò pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe Alágbàká

Ẹ kú oríire, Bọ̀dá Ayàwòrán. Ẹ̀rọ gidi lẹ rà. Mo ti tú Z420 tó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé àwọn tó ṣe é ro ti ẹni tí yóò tún un ṣe mọ́ ọn. Gbogbo ibi tí ẹ bá ti rí àwọ̀ ewé nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ fọwọ́ fà tàbí kí ẹ fọwọ́ tẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò nílò skúrùdíráfà rárá.

Ọdún 2012 ni HP gbé e jáde fún àwọn tó ń ya ilé, àwọn tó ń ṣe fídíò àti àwọn tó ń ṣe ìṣirò ńlá. Ẹ má fi wé kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Ihò RAM mẹ́jọ ló ní, ó sì lè gba 64 GB. Ojú ọ̀nà mẹ́rin ni processor rẹ̀ fi ń bá RAM ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tó jẹ́ pé méjì ni ti ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ilé. Tí RAM bá jẹ́ DDR3-1600, ojú ọ̀nà kan ń kó 12.8 GB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 51.2. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún oníbàárà pé kó má ra ẹyọ ńlá kan ṣoṣo sínú rẹ̀. Mẹ́rin mẹ́rin ni kí ẹ máa rà á.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ná kọ́bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣe nǹkan kan fún mi. Ẹ tan ẹ̀rọ náà, bó ṣe ń tàn ni kí ẹ máa tẹ F10 léraléra títí yóò fi wọ Setup. Ẹ lọ sí File, lẹ́yìn náà System Information, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Boot Block Date sí. Ẹ sọ déètì tí ẹ bá rí fún mi.

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé oríṣi bọ́ọ̀dù (pákó ńlá tí gbogbo nǹkan inú ẹ̀rọ so mọ́) Z420 méjì ló wà, ojú lásán kò sì lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Èyí tí déètì rẹ̀ jẹ́ 12/28/2011, processor E5 ìran àkọ́kọ́ nìkan ló ń gbà. Èyí tó jẹ́ 03/06/2013 ló ń gba ìran àkọ́kọ́ àti àwọn tí wọ́n kọ v2 (ìran kejì) sí lára. Ẹ lè gbé BIOS (software orí bọ́ọ̀dù tó ń tan ẹ̀rọ) tuntun sí i bó ṣe wù yín, déètì yẹn kò ní yí padà. Mo ti rí i tí èèyàn fi owó oṣù kan ra v2, tó gbé e wọ bọ́ọ̀dù 2011, tí ẹ̀rọ kò tan.

Ọmọ Ìjòkà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi wà lára àwọn tó máa sọ pé core 12. Z420 lèmi náà ń lò, E5-2697 v2 ló wà nínú tèmi, core 12, thread 24 (iṣẹ́ mẹ́rìnlélógún lẹ́ẹ̀kan náà). Tí mo bá ń ṣe àwòrán 3D ní Blender, tí gbogbo core bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ó rí i pé owó yẹn kò ṣòfò. E5-1620 yín kò lè bá a dé ibi kankan nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí bọ́ọ̀dù yín bá gbà á, ẹ rà á.

Ọmọ FUTA

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n Ìjòkà, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ìmọ̀ ìyàwòrán-ilé ni mò ń kà ní FUTA, Z420 la fi ń ṣe AutoCAD àti Revit (software ìyàwòrán-ilé) nínú yàrá wa, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì. Àwa náà rò pé core púpọ̀ ni ọ̀nà àbáyọ. Ọ̀rẹ́ mi kan pààrọ̀ tirẹ̀ sí 2697 v2 yẹn gan-an, nígbà tó dé orí AutoCAD, kò yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tiẹ̀ jọ pé ó lọ sílẹ̀.

Nígbà tí a wádìí rẹ̀, ó yé wa. Core kan ṣoṣo ni AutoCAD ń gbé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lé, nítorí náà ìyára core kọ̀ọ̀kan ló ṣe pàtàkì. E5-1620 ń sáré ní 3.6 GHz, ó sì lè gòkè dé 3.8. 2697 v2 ń bẹ̀rẹ̀ láti 2.7, ibi tó lè dé kò ju 3.5 lọ. Ẹni tí core méjìlá rẹ̀ ń rìn, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì nílò ju ọ̀kan lọ, kí ló jèrè?

Iṣẹ́ fídíò kì í ṣe AutoCAD, mo mọ̀. Àmọ́ kí Bọ̀dá Ayàwòrán má rò pé iye core nìkan ni ọ̀rọ̀ wà.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe Alágbàká

Òótọ́ ni ẹ̀yin méjèèjì sọ, iṣẹ́ ló yàtọ̀ síra. Ẹni tó ń ṣe 3D, kó ra core. Ẹni tó ń ya ilé, kó ra ìyára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sí ohun tí Bọ̀dá Ayàwòrán kó wá, nítorí pé ó sọ nǹkan mẹ́ta, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ pé processor ló fà á ní pàtàkì.

Ẹ̀rọ ń pẹ́ kó tó tàn: hard disk ni. Disk tó ń yí bí àwo ni, orí kan ló sì ń sá kiri lórí rẹ̀ láti wá fáìlì. Ẹ fi SSD sí i, disk tí kò ní ohun kankan tó ń yí. Ihò SATA (ibi tí wọ́n ti ń so disk mọ́ bọ́ọ̀dù) 6 Gb/s méjì ló wà lórí bọ́ọ̀dù yẹn, àwọn tó kù jẹ́ 3 Gb/s. Ibi tó yára ni kí ẹ ti SSD bọ̀, yóò máa ka fáìlì ní nǹkan bí 550 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Hard disk yín kò lè ju 200 lọ lọ́jọ́ tó bá dáa jù, tí fáìlì kéékèèké bá sì pọ̀, ó lè máà dé 2. Ibi tí ìyàtọ̀ tí ẹ máa rí pẹ̀lú ojú yín wà nìyẹn.

Fídíò fóònù ń dúró: káàdì graphics yín ni. Ọ̀pọ̀ fóònù òde òní ń fi HEVC pamọ́ fídíò, èyí tí àwọn kan ń pè ní H.265. Quadro K2000 ti dàgbà jù ú lọ, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Xeon E5 náà kò ní graphics kankan nínú ara rẹ̀ bíi ti Core i5 tàbí i7 inú láptọ́ọ̀pù. Nítorí náà, processor nìkan ló ń fi agbára ara rẹ̀ tú gbogbo fọ́tò inú fídíò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i pé ẹ lè ra core 12 kí fídíò fóònù ṣì máa fà. Káàdì tó mọ HEVC ló máa gba ẹrù yẹn kúrò lórí rẹ̀.

Export ń pẹ́: RAM, káàdì àti processor ló pín in. RAM 8 GB kò tó fún fídíò. Tó bá kún, Windows á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù lọ sórí hard disk, gbogbo nǹkan á sì wá di ìrìn ìgbín.

Bí mo ṣe máa ṣe é tó bá jẹ́ tèmi: SSD, RAM, káàdì, kí processor wá kẹ́yìn. Mi ò ní yí ìtò yẹn padà fún iṣẹ́ yín.

Ayàwòrán Ọjà Ọba (Àkúrẹ́)

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti wò ó: Boot Block Date 12/28/2011. Mo dúpẹ́ pé mi ò tíì ra nǹkan kan. Irú káàdì wo ni kí n wá? Wọ́n ń ta GTX 1060 fún mi, àwọn míì ní GTX 1650.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe Alágbàká

Ó tì, v2 kúrò nínú rẹ̀ nìyẹn. Tó bá di ọjọ́ iwájú, ẹ lè wá E5-1650 ìran àkọ́kọ́, core 6, ó lè gòkè dé 3.8 GHz bíi ti 1620 yín, 130 wáàtì kan náà ló ń jẹ.

Ní ti káàdì: power supply 600 wáàtì Z420 ní wáyà 6-pin méjì fún káàdì. GTX 1060 tó ní 6 GB ń jẹ 120 wáàtì, 6-pin kan ló ń lò, ṣùgbọ́n àwọn kan gba 8-pin, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. GTX 1650 ń jẹ 75 wáàtì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò nílò wáyà rárá, inú ihò PCIe tí wọ́n tì í bọ̀ lórí bọ́ọ̀dù ló ti ń gba iná. Méjèèjì mọ HEVC.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ẹ ṣọ́ra fún ohun tí wọ́n ń pè ní P106-100. Chip GTX 1060 ló wà nínú rẹ̀, owó rẹ̀ sì kéré, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wa owó íntánẹ́ẹ̀tì (crypto) ni wọ́n ṣe é fún, kò ní ibi tí wọ́n ti ń ti wáyà screen bọ̀. Ẹ rántí pé Xeon yín kò ní graphics tirẹ̀. Tí ẹ bá yọ K2000 tí ẹ sì fi P106 sí i, òkùnkùn lẹ máa rí lójú screen.

Tíṣà Òǹdó

Ẹ kú àfikún ìmọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní ìlú Òǹdó níbí, mo sì fẹ́ fi nǹkan mẹ́ta kún un kí Bọ̀dá Ayàwòrán tó ná owó rẹ̀.

Àkọ́kọ́, láàárín 1060 àti 1650, èmi á mú 1650. NVIDIA ti kéde pé ọ̀wọ́ driver (software tó ń mú káàdì ṣiṣẹ́) 580 ni ìkẹyìn fún GTX 1060 àti gbogbo ìran rẹ̀. 1650 ṣì wà nínú àwọn tí wọ́n ń tọ́jú. 1060 lágbára jù ú, mi ò jiyàn, 6 GB rẹ̀ sì dùn mọ́ ẹni tó ń ṣe 4K. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ lo ẹ̀rọ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin márùn-ún sí i, kó wo iwájú. Ti pé 1650 kì í jẹ iná púpọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní ilẹ̀ wa.

Ìkejì, ẹ wo software tí ẹ ń lò dáadáa. Processor yín ní AVX (àkójọ àṣẹ ìṣirò tí software ń lò), kò ní AVX2. Ìran Haswell, lọ́dún 2013, ni AVX2 bẹ̀rẹ̀, kò sì dé inú ìdílé Xeon E5 títí di v3. Premiere Pro tuntun, software tí wọ́n fi ń to fídíò, ń béèrè AVX2. Èyí túmọ̀ sí pé kò sí processor kankan tí ẹ lè fi sínú Z420 tí yóò gbé Premiere tuntun bó ṣe yẹ, ì báà jẹ́ core 12. Tí Premiere àtijọ́ lẹ ń lò tó sì ń lọ, ẹ má fọwọ́ kan update.

Ìkẹta ni Windows. Microsoft ti dá àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 kò sì gba irú processor yìí sínú ìwé rẹ̀. Linux wà tí èèyàn lè lò dípò Windows, mo sì ń fi Linux Mint kọ́ àwọn ọmọ lórí àwọn ẹ̀rọ tó dàgbà ju ti yín lọ. Kdenlive, software ìtòfídíò, ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ lo DaVinci Resolve ọ̀fẹ́, ẹ mọ̀ pé ti Linux kì í ṣí H.264 àti H.265, ẹ ó ní láti kọ́kọ́ yí fáìlì padà. Tí ẹ bá dúró sórí Windows 10, ẹ yọ ẹ̀rọ iṣẹ́ yẹn kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹ bá lè ṣe é, kí ẹ máa fi fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ yẹn ránṣẹ́ sí oníbàárà.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí kò gba kọ́bọ̀ kún un. Ẹ máa lo proxy. Premiere ní i, Resolve ní i, Kdenlive náà ní i. Software á ṣe ẹ̀dà fídíò yín ní kékeré, ẹ̀dà yẹn lẹ máa gé tí ẹ máa tò, nígbà tí ẹ bá fẹ́ export, á padà lọ mú ojúlówó. Ẹ gbé e sí i kí ẹ tó lọ jẹun, kí ẹ tó dé ó ti ṣe tán. Pẹ̀lú K2000 yẹn náà, ìyàtọ̀ máa hàn lónìí.

Ìyá Ìbejì, Òǹdó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ AVX, ṣùgbọ́n mo ti ń tẹ fọ́tò láti ìgbà fíìmù, mo sì fẹ́ bá Ayàwòrán sọ̀rọ̀ nítorí ohun tó sọ nípa iná.

Ọmọ mi, hard disk tó bá a wá yẹn, ọdún mélòó ló ti lò lókè òkun? Ẹni tó tà á kò mọ̀, ìwọ náà kò mọ̀. Mo ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀ nígbà kan, mo kó fọ́tò ìgbéyàwó mẹ́fà sórí disk tí mo bá nínú rẹ̀. Oṣù kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́, kọ́, kọ́. Ọjọ́ kẹta, kò ṣí mọ́. Mo lọ bẹ ìyàwó mẹ́fà nílé ọkọ wọn. Ọ̀kan nínú wọn, bàbá rẹ̀ ti kú lẹ́yìn ìgbéyàwó náà, fọ́tò tí wọ́n jọ yà lọ́jọ́ yẹn ni ìkẹyìn wọn. Títí dòní, tí mo bá rí i lọ́jà Òǹdó, ojú máa ń tì mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ohunkóhun tí ẹ bá máa rà, ẹ ra disk òde kan kún un. Iṣẹ́ oníbàárà kò gbọ́dọ̀ wà níbì kan ṣoṣo.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe Alágbàká

Ẹ kú ìrántí, Ìyá wa. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ ṣáájú. Bọ̀dá Ayàwòrán, ẹ gbé CrystalDiskInfo sórí ẹ̀rọ náà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wo Power On Hours, á sọ wákàtí tí disk náà ti lò fún yín. Ẹ tún wo Reallocated Sectors, iye ibi tó ti bàjẹ́ lórí disk náà. Tó bá ti yí sí àwọ̀ òféèfèé, tó kọ Caution, ẹ má fi iṣẹ́ ẹnikẹ́ni síbẹ̀.

Ayàwòrán Ọjà Ọba (Àkúrẹ́)

Ẹ ṣé, Ìyá wa. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Mo wo disk náà: wákàtí tó lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó sì ti kọ Caution. Mo ti kó gbogbo iṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀ sórí disk òde lálẹ́ àná.

Mo ti ra SSD 500 GB. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí mi lónìí ni mo fẹ́ sọ. Mo ra RAM 8 GB mẹ́rin lọ́wọ́ ẹnìkan, ó ní Z420 máa gbà á, pé DDR3 ECC (èyí tó ń tún àṣìṣe ara rẹ̀ ṣe) ni. Mo yọ àwọn 2 GB, mo fi tuntun sí i. Ẹ̀rọ kò tan. Ó dún ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún, iná iwájú rẹ̀ ń ṣẹ́jú pupa, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Àyà mi já, mo rò pé mo ti ba bọ́ọ̀dù jẹ́. Mo dá àwọn 2 GB padà, ó tàn. Kí ló dé?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe Alágbàká

Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ ò ba nǹkan jẹ́. Dídún márùn-ún pẹ̀lú iná pupa ni ọ̀nà tí HP gbà ń sọ pé RAM ni ìṣòro. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára RAM náà fún mi. Lẹ́yìn PC3 tàbí PC3L, nọ́ńbà kan wà, lẹ́tà kan sì tẹ̀ lé e. Kí ni lẹ́tà náà?

Ayàwòrán Ọjà Ọba (Àkúrẹ́)

PC3-12800R.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe Alágbàká

R yẹn ni. Registered ni, RAM server. Ó ní chip kékeré kan láàárín tó ń dúró lójú ọ̀nà láàárín processor àti RAM. Z420 kì í gbà á. PC3-12800E lẹ ń wá: E ni ECC tí kò ní chip ojú ọ̀nà yẹn. Òótọ́ ni ẹni tó tà á fún yín sọ pé ECC ni, àwọn méjèèjì jẹ́ ECC, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. RAM server pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ sì rọlẹ̀ torí pé kọ̀ǹpútà tó lè lò ó kò pọ̀. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń kó sí i.

Ẹ dá a padà fún un lónìí, kí ẹ mú ti ìsinsìnyí dání kó rí ìyàtọ̀ lára wọn. Tí ẹ bá rí E mẹ́rin, ẹ wá ìwé ìtọ́jú Z420 lórí ìkànnì HP, ẹ wo ihò mẹ́rin tí wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ kún, kí ojú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè ṣiṣẹ́. Ẹ má fi E àti R pọ̀ láéláé.

Ọmọ FUTA

Ẹ̀gbọ́n Alágbàká, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Z420 lè lo NVMe, SSD tó yára ju ti SATA lọ? Ọ̀rẹ́ mi ní ọ̀kan nílẹ̀.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe Alágbàká

Ó lè lò ó, pẹ̀lú adapter PCIe tí wọ́n ń tì bọ ihò bíi káàdì. Tí Windows bá ti tàn, ó máa rí i, ẹ lè kó fídíò sórí rẹ̀, ó sì máa sáré ju SATA lọ dáadáa. Ohun tí kò lè ṣe ni pé kó ti orí rẹ̀ tàn. BIOS rẹ̀ kò mọ NVMe. Samsung 950 Pro ṣe é, nítorí pé ó gbé ohun tí yóò fi tàn wá nínú ara rẹ̀. Àwọn kan ń fi Clover (software kékeré tó ń bẹ̀rẹ̀ títan ẹ̀rọ) sórí USB kí ó bá wọn tàn án. Èmi kì í ṣe é fún oníbàárà. Lọ́jọ́ tí USB bá yọ, wọn á pè mí láàárín òru. Fi SATA SSD tàn án, fi NVMe ṣiṣẹ́.

Tíṣà Òǹdó

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti iná kí ó tó sú yín. Bọ̀dá Ayàwòrán ní iná lọ nígbà tí export kù díẹ̀. Processor yín ń jẹ 130 wáàtì tó bá ń ṣiṣẹ́ dé góńgó, 1650 ń jẹ 75, ẹ fi disk, fáànù, bọ́ọ̀dù àti screen kún un. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ sí 300. UPS 650 VA tí wọ́n sábà ń tà kì í gbé ju nǹkan bí 360 wáàtì lọ. Ó gbé e, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kí ẹ lè pamọ́ iṣẹ́ yín ni wọ́n ṣe é fún.

Tó bá jẹ́ inverter ni: bátìrì 12 V, 200 Ah, jẹ́ 2,400 wáàtì-wákàtì. Bátìrì olómi kò dáa kí ẹ lò ju ìdajì lọ, ó ku 1,200. Lórí 300 wáàtì, wákàtí mẹ́rin ni lójú ìwé, ẹ ka mẹ́ta àti ààbọ̀ torí ohun tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ. Kí inverter náà jẹ́ pure sine wave, èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti ìjọba. Power supply irú èyí lè kọ iná onígun mẹ́rin, á kàn pa ara rẹ̀ lójijì nígbà tí iná bá yí padà, ẹ ó sì rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́.

Ọmọ Ìjòkà

Tíṣà, ẹ ṣé. Ìdí tí tèmi fi ń pa ara rẹ̀ nìyẹn látọdún tó kọjá, mo ti pààrọ̀ power supply lásán.

Ayàwòrán Ọjà Ọba (Àkúrẹ́)

Ẹ kú ìjẹta o. Mo padà wá sọ bó ṣe lọ.

Ọkùnrin tó ta RAM gbà á padà. Kò jà mí níyàn nígbà tí mo fi lẹ́tà R hàn án, ó ní òun náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò ní E nílẹ̀, ó bá mi wá a, ó gba ọjọ́ mẹ́rin. 32 GB ló wà nínú rẹ̀ báyìí, ẹyọ mẹ́rin, mo tò ó bí ìwé HP ṣe wí.

Mo ra GTX 1650, èyí tí kò nílò wáyà. Mo gbọn eruku inú rẹ̀ jáde kí n tó fi sí i, mo sì yọ irin orí processor, òróró funfun abẹ́ rẹ̀ ti gbẹ di ẹfun. Mo nu ún, mo fi tuntun sí i. Eruku ọ̀yẹ́ tó jáde nínú fáànù power supply nìkan kún ọwọ́ mi. Bátìrì kékeré orí bọ́ọ̀dù, CR2032, mo pààrọ̀ òun náà, torí pé aago rẹ̀ máa ń padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí mo bá yọ iná.

Ó ń tàn báyìí kí n tó jókòó dáadáa. Fídíò fóònù ń lọ geere. Ìgbéyàwó wákàtí méjì yẹn náà, mo tún un gbé sí export láti wò ó: mo bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó parí kí wọ́n tó pe ìrun Ìṣáà ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀gbẹ́ wa. E5-1620 náà ló ṣì wà nínú rẹ̀ o. Mi ò fọwọ́ kan processor.

Owó tó kù, mo fi ra disk òde kejì. Ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan wà nílé. Ìyá wa, ti yín ni mo rò nígbà tí mo rà á.

Ìbéèrè kan ló kù. Ẹnìkan ní Z440 (ìran tó tẹ̀ lé Z420), ó fẹ́ kí n gbé Z420 yìí pẹ̀lú owó díẹ̀ fún òun, kí n sì gba Z440 náà. Ṣé kí n ṣe é?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe Alágbàká

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun! Inú mi dùn.

Z440 dáa, ọdún 2014 ló jáde, Xeon E5 v3 ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ń gba v4, nítorí náà AVX2 tí Tíṣà sọ wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní power supply 700 wáàtì. Ṣùgbọ́n DDR4 ló ń lò. RAM E tí ẹ fi ọjọ́ mẹ́rin wá yẹn kò ní wọ inú rẹ̀. SSD, káàdì àti disk yín nìkan lẹ lè kó lọ. Tí iṣẹ́ yín kò bá tíì fi dandan béèrè Premiere tuntun, ẹ jẹ́ kó dúró di ọdún tó ń bọ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ gbé e, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ tan tirẹ̀ níwájú yín, kí ẹ wọ Setup, kí ẹ ka processor àti RAM tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó dáhùn.

Ìyá Ìbejì, Òǹdó

Ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Kọ déètì sára disk tó wà nílé, kí o sì máa gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Mọ́ńdé láti fi kó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀. Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyẹn báyìí.

Ayàwòrán Ọjà Ọba (Àkúrẹ́)

Mo gbọ́, mà. Mọ́ńdé yìí ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Z440, mo ti sọ fún un pé kó jẹ́ kó dìgbà míì.